Ẹrù Tó Ń Rìn Fúnra Rẹ̀

Ẹ wọ ilé ìkẹ́rùsí èyíkéyìí tí wọ́n ti ń kó nǹkan jíjẹ tàbí oògùn pamọ́. Ẹ kọjá àwọn ẹrù ẹnu ọ̀nà, kí ẹ lọ bá èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ nu eruku ara páálí náà kúrò, kí ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá málítì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, bisikíìtì tí adùn rẹ̀ ti lọ, oògùn ibà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó di ohun àdànù. Àjọ NAFDAC, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, nítorí náà, owó tí wọ́n fi rà á ti wọgbó, wọ́n á sì tún náwó lé e kí wọ́n tó lè sun ún.

Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ya ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe to ilé náà ló fà á. Ẹrù tuntun dé, wọ́n gbé e síwájú. Oníbàárà dé, wọ́n mú èyí tó wà níwájú fún un. Bí àpótí aṣọ ni: èyí tí a fi lé e lórí gbẹ̀yìn la máa ń kọ́kọ́ fà yọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì wà níbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ lè kọ òfin mọ́ ògiri pé èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Òfin náà á mú ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ mẹ́ta bá tò sẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, èyí tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ tó ni wọ́n máa gbé.

Pẹpẹ gẹ̀rẹ́ ni orí yìí dá lé, ìyẹn pẹpẹ ìkẹ́rù tí wọ́n ṣe lọ́nà tó dà gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, tí wọ́n sì to rólà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yìn ni fọ́kílíìfìtì kan, ìyẹn ọkọ̀ agbẹ́rù, ti ń gbé ẹrù sí i, iwájú ni òmíràn ti ń gbé e kúrò. Òòfà ilẹ̀ ló ń mú ẹrù rìn láàárín méjèèjì. Ẹrù tó kọ́kọ́ wọlé ló wà níwájú, awakọ̀ tó wà níwájú ò sì lè mú òmíràn àfi èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí òfin ara ògiri kò lè ṣe, ìrísí pẹpẹ náà ń ṣe é láìsọ̀rọ̀.

Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sáré rà á. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ní orí yìí kò ju pé òòfà ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rà. Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún wa. Ìjánu la ń rà. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ẹni tó fẹ́ tà á fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pẹpẹ gẹ̀rẹ́ tó ń gbé páálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó tí wọ́n kàn pọ̀ tí wọ́n ń to ẹrù lé, kì í dà púpọ̀: nínú mítà 10, ẹ̀yìn sábà máa ń fi bí 40 sẹ̀ńtímítà ga ju iwájú lọ, ìyẹn ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú lásán lè má tètè rí i. Ní ọdún 1586, Simon Stevin, ọmọ ìlú Bruges tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Holland, tẹ ìwé kan jáde lórí ìwọ̀n, ó sì fi ẹ̀wọ̀n bọ́ọ̀lù tó yí ohun onígun mẹ́ta kan ká ṣàlàyé pé bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá ṣe rọra dà sí, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó ń fa ẹrù wálẹ̀ ṣe máa kéré sí. Ìṣirò rẹ̀ kò tíì yí padà. Páálẹ́ẹ̀tì kan tó wúwo tó 1,000 kílò, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára tó ń fà á síwájú kò ju ìwúwo 40 kílò lọ. Ká wá ní rólà náà ń dá a lọ́wọ́ kọ́ pẹ̀lú agbára tó tó 20 kílò. Ó ku 20 kílò tó ń tì í lọ.

Ogún kílò lórí ẹrù 1,000 kílò! Ẹnikẹ́ni á rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Galileo ló jẹ́ kí aráyé mọ ibi tí ewu wà. Ó yí bọ́ọ̀lù idẹ lórí pákó tó dà gẹ̀rẹ́, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní Leiden ní ọdún 1638: ohun tó ń yí wálẹ̀ kì í lọ ní ìyára kan náà, ńṣe ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń lọ. Páálẹ́ẹ̀tì tiwa yìí, tí kò bá sí ohun tó dá a dúró, lẹ́yìn mítà 10 á ti máa sáré ní mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹni tó ń sáré pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni, àmọ́ 1,000 kílò ni. Ẹ̀ṣẹ́ tó máa fi gbá ohun tó wà níwájú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹrù náà bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ láti 20 sẹ̀ńtímítà. Ìgò á fọ́, páálí á tẹ̀, irin iwájú pẹpẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ìgbà kan ṣoṣo la ṣírò yẹn. Ní ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà, ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rólà oníbíréèkì sáàárín àwọn rólà yòókù. Inú rólà yìí ni gíà wà tó ń yí ọ̀pá kan pẹ̀lú ìyára púpọ̀, ọ̀pá yẹn sì gbé àwọn páàdì kéékèèké dání. Nígbà tí páálẹ́ẹ̀tì bá ń rọra kọjá, páàdì náà ò ní ṣe nǹkan kan. Bí eré bá ti ń pọ̀, ìyí náà á máa ju páàdì síta, wọ́n á fara kan inú rólà, wọ́n á sì fà á sẹ́yìn. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí iná mọ̀nàmọ́ná, kò sí ẹni tó ń tẹ nǹkan kan. Eré ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń pe ìjánu. Bíréèkì tó dára máa ń mú kí páálẹ́ẹ̀tì rìn ní nǹkan bí 30 sẹ̀ńtímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá dúró tì í, ẹ ó gbọ́ tí rólà ń dún ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ó sì rí i tí ẹrù ńlá náà ń bọ̀ bí ẹni tí kò kánjú.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń tajà kì í tètè mẹ́nu bà. Nígbà tí páálẹ́ẹ̀tì 10 bá ti tò tán lórí ìlà kan, àwọn 9 tó wà lẹ́yìn ń fara ti èyí tó wà níwájú. Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò tiwa, 20 kílò lọ́nà 9 jẹ́ 180 kílò tó ń tẹ ẹrù iwájú mọ́ irin. Awakọ̀ wá ti irin fọ́kílíìfìtì bọ abẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e. Èyí tó wà lẹ́yìn ń fi pákó họ ọ́ lára bó ṣe ń gòkè, ó tiẹ̀ lè gbé etí òmíràn dání lọ. Ojútùú rẹ̀ ni irin ìyàsọ́tọ̀ kan tó máa ń yọrí sókè kété lẹ́yìn páálẹ́ẹ̀tì iwájú. Ó dá gbogbo àwọn yòókù dúró, ti iwájú nìkan ló dá wà. Tí awakọ̀ bá ti gbé e kúrò, irin náà á wọlẹ̀, èkejì á sì rọra sún síwájú. Bí ìlà yín bá máa jìn, tí ẹrù yín sì wúwo, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n yọ irin yìí kúrò nínú ìwé ìdíyelé kí owó lè dínkù.

Ó wá kan yíyan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú irin rárá. Irú ọjà mélòó lẹ ní, páálẹ́ẹ̀tì mélòó ló sì máa ń wà nílé lára irú kan? Ìlà kan, irú ọjà kan ni, nítorí kò sẹ́ni tó lè fo páálẹ́ẹ̀tì iwájú kó lọ mú ti ẹ̀yìn. Ká ní ìlà yín gba páálẹ́ẹ̀tì 10. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, tó ní irú 12, tí páálẹ́ẹ̀tì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń wà nílé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fún irú kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á sì kún. Ṣùgbọ́n bí irú kan bá jẹ́ páálẹ́ẹ̀tì 6 péré, àyè 4 á ṣófo lórí ìlà yẹn, ẹ ò sì lè fi nǹkan mìíràn síbẹ̀. Oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ bíi ti ọjà Ládípọ̀ nílùú Èkó, tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú tí kò pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní ohun tó fẹ́ fi pẹpẹ gẹ̀rẹ́ ti páálẹ́ẹ̀tì ṣe. Pẹpẹ lásán tí ọwọ́ tó gbogbo rẹ̀ ló yẹ ẹ́. Kò sì yẹ kó tijú, nítorí pẹpẹ lásán ò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wá ní ọjà púpọ̀ nínú irú díẹ̀, èrè rẹ̀ hàn gbangba lórí ilẹ̀. Ẹ wo pẹpẹ lásán: méjì fẹ̀yìn ti ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn ní mítà 1.2, ọ̀nà fọ́kílíìfìtì tó fẹ̀ tó mítà 3 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú mítà 5.4 yẹn, 2.4 péré ló gbé ẹrù, ìyẹn nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Atẹ́gùn lẹ ń háyà fún nínú ìyókù. Pẹpẹ gẹ̀rẹ́ tó gba páálẹ́ẹ̀tì 10 jìn tó bí mítà 13. Ẹ fi ọ̀nà mítà 3 sí ẹ̀yìn, òmíràn sí iwájú, ó di 19, ẹrù sì gba ìdá 68. Ní ibi tí owó ilé ti wọ́n, bí agbègbè Ìkẹjà tàbí Apápá, ìyàtọ̀ yìí nìkan lè gbọ́ bùkátà irin náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè pẹ̀lú. Mítà 13 lórí ìdá 4 á jẹ 52 sẹ̀ńtímítà nínú gíga òrùlé yín. Òrùlé tó kúrú lè sọ pẹpẹ ìpele mẹ́rin di mẹ́ta, èrè tí ẹ rí lórí ilẹ̀ á sì tún sá gba òkè lọ.

Ìbéèrè kejì: ṣé ọjà yín ń bàjẹ́? Bí kò bá ń bàjẹ́, bíi táìlì àti ike, oríṣi kan wà tó lè tó yín. Iwájú kan náà ni ẹ ó ti máa gbé wọlé, tí ẹ ó sì ti máa gbé jáde. Ẹ gbé páálẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sórí kẹ̀kẹ́ kékeré kan, èkejì á tì í sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀kẹta á ti èkejì. Páálẹ́ẹ̀tì 2 sí 6 ni irú ìlà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà. Bí ẹ bá mú ti iwájú, àwọn yòókù á sún wá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń fẹ́, owó rẹ̀ sì lè kéré sí ti oníbíréèkì. Àmọ́ èyí tó wọlé gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá kó oògùn tàbí wàrà sórí rẹ̀ ti dá wàhálà ẹ̀yìn ògiri yẹn padà, ó kàn fi irin olówó ńlá gbé e dúró ni.

Irú kẹta wà fún páálí àti kéréètì tí a ń fi ọwọ́ mú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ dà ju ti páálẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí páálí fúyẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Ẹ ti rí i rí nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, lára fíríìjì tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó wàrà sí, tí ẹ bá mú ìgò kan, òmíràn á sún wá síwájú. Taiichi Ohno, ẹni tó tún iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Toyota tò, lọ wo súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, ohun tó rí níbẹ̀ sì bá èrò kan mu tó ti ń lépa: kí ohun tí wọ́n bá mú ló pàṣẹ ohun tí wọ́n máa fi dípò. Títí dòní, irú pẹpẹ yìí ni wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń to ọkọ̀ pọ̀. Fún ilé ìkóògùnsí tó ń dá páálí kéékèèké fún ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, mo rò pé òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó ronú kan páálẹ́ẹ̀tì rárá.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ ìparí. Pẹpẹ gẹ̀rẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí. Bí ẹrù tó dé lónìí bá ní ọjọ́ tó kúrú ju ti àná lọ, bóyá torí pé ó pẹ́ ní èbúté, tàbí pé oníbàárà dá a padà, pẹpẹ á tò ó sẹ́yìn láìbìkítà. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ẹrù tó bá sì ti wọ ìlà kò ṣeé pè padà. Nítorí náà, ẹnu ẹ̀yìn níbi tí ẹrù ti ń wọlé ló yẹ kí sítókípà tó mọ̀wé, tó sì láyà láti sọ pé rárá, dúró sí. Kí ẹrù tí ọjọ́ rẹ̀ kúrú ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, tàbí kó kọ́kọ́ jáde láì tilẹ̀ kan pẹpẹ.

Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, níbi gbogbo tí mo ti wò ó, ni páálẹ́ẹ̀tì. Àwọn ènìyàn á fi oṣù gbáko yan irin, wọn ò ní wo pákó. Bẹ́ẹ̀ pákó ló ń fara kan rólà. Páálẹ́ẹ̀tì tó ń gba èbúté Apápá wọlé kì í ṣe irú kan. Ti Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 1,200 sí 800, àwọn kan jẹ́ 1,200 sí 1,000, ti Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jẹ́ 1,219 sí 1,016. Ìlà tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan lè há òmíràn mọ́ra, tàbí kó jẹ́ kó máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ dá ọ̀kan dojú dé kí ẹ wò ó. Pákó ìsàlẹ̀ tó bá na tẹ̀lé ọ̀nà tí ẹrù ń rìn máa ń gun rólà dáadáa. Èyí tó bá dábùú máa ń bọ́ sí àlàfo láàárín rólà kan sí èkejì. Pákó tó sán, ìṣó tó yọrí, èyí tí káfíńtà fi igi tútù tún ṣe, tó wá tẹ̀ kọrọdọ nígbà tó gbẹ: ọ̀kan péré nínú wọn tó láti dá páálẹ́ẹ̀tì 9 tó wà lẹ́yìn dúró. Ọjà tó bá dé lórí páálẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé fọkàn tán, ẹ gbé e sórí páálẹ́ẹ̀tì ilé, ìyẹn èyí tó lágbára tí ẹ rà fún iṣẹ́ náà nìkan, tí kì í bá oníbàárà lọ. Owó wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nínú yàrá òtútù, gíríìsì inú bíréèkì àti rólà máa ń ki, omi dídì á sì mú pákó. Rólà tó ń yọ̀ dáadáa níta lè kọ̀ láti rìn níbẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n òtútù tí ẹ ó lò ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é kó tó gé irin kankan.

Ẹrù tó há ló ń pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé nìyí:

“Ọ̀gá, ó ti há o. Ẹ jẹ́ kí n gun orí rólà, kí n fẹsẹ̀ tì í díẹ̀.”

“Rárá o. Má gun nǹkan kan. Lọ sọ fún wọn lẹ́yìn pé kí wọ́n má gbé ohunkóhun sí ìlà yẹn mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ la ó kọ́kọ́ fi fọ́kílíìfìtì gbé kúrò.”

Ọ̀gá yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Páálẹ́ẹ̀tì tó há kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dúró de ẹni tó máa tú u sílẹ̀, ẹni tó bá sì wà níwájú rẹ̀ nígbà tó bá tú, kò ní ibi tó máa yà sí. Fífi fọ́kílíìfìtì gbá a láti ẹ̀yìn burú bákan náà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ olùtajà ibi tí òṣìṣẹ́ á máa tẹ̀ láti dé àárín ìlà, àti ohun tó máa fi dí ẹrù ẹ̀yìn kó tó fọwọ́ kan èyí tó há. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí wọ́n to ìlà kan ṣoṣo sínú ilé yín, kì í ṣe nínú ilé ìfihàn tiwọn. Páálẹ́ẹ̀tì tiyín ni kí ẹ lò, kí èyí tó burú jù nínú rẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹ gbé èyí tó wúwo jù sí i, kí ẹ wò ó bóyá bíréèkì mú un. Ẹ gbé èyí tó fúyẹ́ jù, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tó fún 1,000 kílò lè má tó fún 200. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù kún un, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún iye ọjọ́ tí ọjà yín sábà máa ń fi dúró lórí pẹpẹ. Ẹrù tó bá dúró pẹ́ máa ń tẹ pákó mọ́ rólà, igi á sì wọ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tí rólà ti gbé e. Lọ́jọ́ tí àkókò náà bá pé, ẹ gbé ti iwájú kúrò, kí ẹ sì dúró wo èkejì. Bó bá rìn wá fúnra rẹ̀, ẹ lè buwọ́ lùwé.